Awọ ilẹ̀ wo ni kí ẹ tẹ́? Ìfiwéra fún ẹni tó ń ya ìlú wa sínú kọ̀ǹpútà

Ní Kétu ni ojú ti tì mí. Wọ́n ní kí n fi kọ̀ǹpútà ya Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú wa, bí ì bá ti rí kí ogun Dàhọ̀mì tó fọ́ ìlú ní 1886. Mo ṣe ilẹ̀kùn, mo mọ odi, mo gbẹ́ yàrà sí ẹ̀yìn odi. Nígbà tó kan ilẹ̀, mo lọ wá èyí tó wù mí jù nínú àwọn tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ́ ẹ. Mo wá gbé e lọ fún bàbá àgbàlagbà kan ní agboolé wa. Wọ́n wò ó títí.

"Ọmọ mi, o káre, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibo lèyí?"

"Ilẹ̀ Kétu ni, bàbá."

"Rárá o. Ẹni tó bá rin ilẹ̀ Kétu, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á pọ́n. Ẹni tó bá rin tìẹ yìí, tirẹ̀ á dúdú ni."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Inú igbó ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti ya ilẹ̀ tí mo tẹ́ sẹ́nu ibodè Alákétu: erùpẹ̀ dúdú, ewé jíjẹrà, àti àwọn ewé tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tí igi páìnì máa ń gbọ̀n sílẹ̀. Mo ti rí gbogbo èyí kí n tó gbé e jáde, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó máa wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ọ̀nà kan wé èkejì. Ohun tí mo rí nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tí ẹ ń ya ilé tí wọn kò tíì kọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ kí ìlú yín jọ ara rẹ̀.

Ohun tí a ń tẹ́

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní texture ni mò ń pè ní awọ ilẹ̀ níbí, torí iṣẹ́ awọ ló ń ṣe. Ilẹ̀ inú kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí pátákó pẹrẹsẹ. Àwòrán tí a fi bò ó ló ń sọ ọ́ di iyanrìn tàbí yangí. Ẹ ò lè fi fọ́tò kan ṣoṣo ya oko tó fẹ̀ tó 60 mítà, kó tún mọ́ kedere nígbà tí ẹ bá sún mọ́ ọn. Apá kékeré la máa ń yà, a ó wá máa tẹ́ ẹ léraléra bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́ ẹní kún iyàrá. Àbùkù ẹní ni pé etí rẹ̀ máa ń hàn. Awọ tí a fẹ́ ni èyí tí kò ní ojú rírán: ohun tó bá jáde lápá ọ̀tún ló ń wọlé padà lápá òsì, èyí tó gé lókè ló ń bá ara rẹ̀ pàdé nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti alàdìrẹ tó ń fi páálí gígé tẹ ọnà sára aṣọ ti mọ ohun tí mò ń wí. Bí ọnà etí páálí kan kò bá bá ti èkejì mu, gbogbo aṣọ ló lọ.

Àwòrán kan nìkan kì í sì í tó. Albedo ni àwọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí òjìji kankan níbẹ̀. Normal, èyí tó máa ń ní àwọ̀ aró tó pa pọ̀ mọ́ elésè àlùkò, ló ń tan ìmọ́lẹ̀ jẹ tí pẹrẹsẹ fi ń dà bí ohun tó ní gegele. Displacement ń gbé ilẹ̀ sókè ní tòótọ́. Roughness ló ń sọ ibi tó ń dán àti ibi tí kò dán, òun sì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kì í kà sí. Bẹ́ẹ̀, òun ló ya ilẹ̀ gbígbẹ sọ́tọ̀ sí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀. Ilẹ̀ Kétu lẹ́yìn òjò ṣókùnkùn, ó sì ń dán. Bí ẹ bá kàn mú kó ṣókùnkùn, tí ẹ ò fọwọ́ kan roughness, yóò dà bí ilẹ̀ tí wọ́n da èédú lé ni, kò ní tutù lójú ẹnikẹ́ni.

Èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ àti èyí tí à ń rà

Ibi méjì ni mo máa ń lọ bí mo bá ń wá ọ̀fẹ́: Poly Haven, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Gúúsù Áfíríkà, àti ambientCG, tó jẹ́ iṣẹ́ ọmọ Jámánì kan. Àwọn méjèèjì ń lo àṣẹ CC0, ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe é ti fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ lè fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n máa sanwó rẹ̀ fún yín, ẹ ò sì ní láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí Texture Haven tàbí CC0 Textures nínú fídíò ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́, àwọn méjì yìí náà ni: Texture Haven wọnú Poly Haven ní 2021, CC0 Textures sì di ambientCG.

Iṣẹ́ wọn mọ́. Etí kì í hàn, albedo àti normal máa ń bára mu, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ẹ mú èyí tó kéré tàbí èyí tó tóbi bí dátà yín bá ṣe tó. Ẹni tó ń ya ọgbà, etí òkun, ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tàbí ilẹ̀ abẹ́ igi, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kó lọ mú níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í wé ilẹ̀ igbó òtútù àti òkúta ojú ọ̀nà ìlú òyìnbó, wọn ò pọ̀, gbogbo ayé ló sì ń lo díẹ̀ tó wà. Mo ti rí òkúta kan náà tó ní ẹ̀là kan náà nínú iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta tí kò mọ ara wọn.

Ẹlòmíràn á ní, ṣebí kọ̀ǹpútà lè sọ dúdú di pupa? Ó lè ṣe é. Mo dán an wò ní alẹ́ ọjọ́ tí bàbá bá mi sọ̀rọ̀. Erùpẹ̀ pọ́n, ewé gbígbẹ náà pọ́n, òkúta wẹ́wẹ́ pọ́n, gbòǹgbò koríko pọ́n, bí ìgbà tí wọ́n ri gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò osùn. Nínú ilẹ̀ pupa gidi, ewé gbígbẹ a máa jẹ́ àwọ̀ ewé gbígbẹ. Yíyí àwọ̀ díẹ̀ dára bí ẹ bá fẹ́ mú iyanrìn kan sún mọ́ iyanrìn mìíràn. Kò lè sọ igbó òtútù di Kétu.

Ẹ ṣọ́ra fún normal tí ẹ bá gbà wálẹ̀. Oríṣi méjì ló wà, èyí tí wọ́n kọ GL sí lára àti èyí tí wọ́n kọ DX sí. Blender, ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí a fi ń ya nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ń lo GL; Unreal, èyí tí wọ́n fi ń ṣe eré, ń lo DX. Bí ẹ bá ṣì í mú, òkúta á dà bí ihò, ihò á dà bí òkúta, ẹ ó sì máa rò pé oòrùn yín ló wà níbi tí kò yẹ. Nínú Blender, ẹ tún rántí láti sọ fún un pé normal àti roughness kì í ṣe àwọ̀, ẹ yan Non-Color fún wọn. Node Wrangler, tó ti wà nínú Blender fúnra rẹ̀, máa ń bá yín ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá tẹ Ctrl, Shift àti T.

Ní ti èyí tí à ń rà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Megascans ti Quixel ni gbajúmọ̀ jù. Epic Games, tó ni Unreal, ra Quixel ní 2019, wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń lo Unreal gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n wá ṣí i fún gbogbo èèyàn títí 2024 fi parí, nísinsìnyí orí ọjà wọn tó ń jẹ́ Fab ló wà. Ẹni tó yára gbà á nígbà náà ṣì ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí kò gbà á, owó ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Bí oníbàárà yín bá fẹ́ bèbè òkè, gbòǹgbò igi ńlá, nǹkan tó ṣòro láti yà fúnra ẹni, tí ọjọ́ sì ti sún mọ́lé, ẹ rà á. Kí èèyàn tó jókòó sórí ilẹ̀ pupa wá máa fi káàdì báńkì ra ilẹ̀ pupa, ìyẹn ni n kò lè gbà.

Foonu ọwọ́ yín

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù nìyí fún ilẹ̀ wa, òun náà ló sì ní wàhálà jù, torí náà màá rọra sọ ọ́.

Ẹ má ya ilẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Oòrùn máa ń fi òjìji sábẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan, òjìji náà á sì wọ inú àwòrán lọ. Nígbà tí ẹ bá wá gbé oòrùn inú kọ̀ǹpútà sí apá ibòmíràn, òkúta kan á ní òjìji méjì. Èmi máa ń ya tèmi nígbà tí ìkùukùu bá bo oòrùn, tí ilẹ̀ sì ti gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, èruku inú afẹ́fẹ́ máa ń dín oró oòrùn kù, àwòrán a sì máa dára, àmọ́ èruku yẹn kan náà á ti bà sórí ilẹ̀ àti ewé, gbogbo rẹ̀ á dà bíi pé wọ́n da eérú sí i. Bó bá jẹ́ ìlú lásìkò ọyẹ́ lẹ ń yà, ó ti bọ́ sí i. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dúró de òjò àkọ́kọ́ kó fọ̀ ọ́.

Ẹ dojú foonu kọ ilẹ̀ gán-ín, kí ó má dagun. Foonu tèmi, bí mo bá gbé e sókè tó mítà kan àbọ̀, ilẹ̀ tó gùn tó mítà 2, tó fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀ ló ń mú, àwòrán rẹ̀ sì jẹ́ pixel 4,000 sí 3,000. Mo máa ń gé igun mẹ́rin tó dọ́gba nínú rẹ̀, mítà kan àbọ̀ sí mítà kan àbọ̀, màá wá sọ ọ́ di 2,048. Ẹ fi téèpù ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ lè mọ bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ni ìwọ̀n: òkúta wẹ́wẹ́ á tóbi bí àgbọn, ilé á wá dà bí ilé ọmọláńgidi.

Ẹ fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Foonu kì í fẹ́ kí àwòrán pọ́n látòkè délẹ̀. Ó máa ń rò pé iná ló pọ́n, á sì fi àwọ̀ mìíràn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ pupa á wá di ilẹ̀ aláwọ̀ kọfí. Bí bébà bá wà níbẹ̀, ẹ ó lè dá funfun padà sí funfun, pupa á sì padà sáyè rẹ̀. Kí bàbá mi tó tún wo èkejì, bébà yìí ló gbà mí.

Lẹ́yìn náà ni gbígbá ilẹ̀. Ẹ gbá a ní ti gidi kí ẹ tó yà á, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ gbá a lẹ́yìn náà. Ohunkóhun tó bá dá yàtọ̀ nínú àwòrán yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe bí ìró aago: ewé aláwọ̀ ewé kan, ọ̀rá omi, ìtẹ̀ bàtà kan. Mo fi ìdérí ìgò kan sílẹ̀ nígbà kan rí torí pé ó wù mí. Ẹ ṣírò rẹ̀: oko 60 mítà, awọ mítà kan àbọ̀, ó máa tẹ́ ìgbà 40 lọ ní ìbú àti ìgbà 40 ní òró. Ìdérí ìgò 1,600, gbogbo wọn dojú kọ ibì kan náà bí ọmọ iléèwé tó tò síwájú ọ̀gá.

Ọ̀nà láti pa ojú rírán rẹ́ rọrùn ju bó ṣe ń dẹ́rù bani lọ. Nínú GIMP, ẹ̀rọ àtúnṣe fọ́tò tí kì í gba owó, ẹ lọ sí Layer, Transform, Offset, kí ẹ ní kó sún àwòrán lọ ní ìdajì ìbú àti ìdajì òró. Etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wá pàdé láàárín bí àgbélébùú, etí tuntun tó wà níta sì ti bára mu fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ yín kò ju kí ẹ mú erùpẹ̀ láti ibòmíràn nínú àwòrán náà, kí ẹ fi bo àgbélébùú yẹn. GIMP ní èyí tó ń ṣe é fúnra rẹ̀, Tile Seamless, ṣùgbọ́n ṣe ló ń po àwòrán lé ara wọn bí iwin. Fún iyanrìn kò burú, fún òkúta kò dára rárá. Ẹni tó bá fẹ́ràn láti máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, kó lo Krita, ẹ̀rọ ìyàwòrán kan, kó tẹ W. Àwòrán á tẹ́ ara rẹ̀ kún ojú kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì máa rí ojú rírán bí ẹ ṣe ń pa á rẹ́.

Ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ kì í rí títí iṣẹ́ á fi parí. Igun fọ́tò máa ń ṣókùnkùn ju àárín rẹ̀ lọ díẹ̀. Nínú fọ́tò kan ṣoṣo kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ wá tẹ́ ẹ ní ìgbà 1,600, gbogbo oko á di àpótí àpótí bí aṣọ oníkóró. Filter tó ń jẹ́ High Pass ló ń yọ ọ́, ó ń mú òkùnkùn tó gbòòrò kúrò, á fi òkúta àti erùpẹ̀ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Ẹ lò ó kí ẹ tó ṣe Offset, kí ó má bàa jẹ́ pé ẹ̀ ń pa àgbélébùú tí kò lè parẹ́ láéláé.

Fún normal àti roughness, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Materialize lè fa wọn yọ lára fọ́tò kan, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ mọ̀ pé méfò ló ń méfò: ohun tó dúdú ló ń kà sí ihò, ohun tó funfun ló ń kà sí òkè. Ewé dúdú tó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, ihò ni lójú rẹ̀. Ibí yìí ni iṣẹ́ àwọn ọlọ́fẹ̀ẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti borí tiwa, n kò ní purọ́.

Èyí tí kọ̀ǹpútà hun fúnra rẹ̀

Ọ̀nà kẹrin kò ní fọ́tò nínú rárá. Ìṣirò ni. Ken Perlin tẹ ìwé jáde ní 1985 lórí bí a ṣe lè fi nọ́ńbà ṣe ohun tó rí ràndánràndán bí ìkùukùu tàbí òkúta mábù, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Oscar ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 1997 nítorí rẹ̀. Noise inú Blender ọmọ iṣẹ́ yẹn ni. Kò gba dátà, kò ní etí, ẹ sì lè rìn lọ rìn bọ̀ kí ẹ má rí ibi tó ti tún ara rẹ̀ ṣe.

Ó dára gidi fún ẹrẹ̀ tó gbẹ tó sì sán. Ẹ mú Voronoi, òmíràn nínú ìṣirò inú Blender, ẹ yan Distance to Edge, ojú ilẹ̀ ọ̀sà tí omi fà kúrò lórí rẹ̀ á jáde kíá. Ó dára fún èruku, fún ibi tí ilẹ̀ ti pọ́n ju ibòmíràn lọ, fún omi tó dárogún. Tó bá jẹ́ koríko, ewé tàbí yangí, ṣe ló máa ń dà bí ohun tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Ìṣirò náà a máa jẹ àkókò nígbà render, ìyẹn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń ya àwòrán àṣeparí jáde. Bó bá sì jẹ́ eré lẹ ń ṣe, ẹ máa ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di àwòrán, etí tí ẹ ti sá fún á tún padà wá.

Èmi kì í fi í ṣe ilẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe ìyàwòrán ibi tí ilẹ̀ kan ti parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti wúlò jù. Ẹ mú awọ méjì, ilẹ̀ pupa gbígbẹ àti ilẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́, kí ẹ jẹ́ kí noise ńlá kan pín ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ti hàn. Àwòtúnwò 1,600 yẹn á fọ́, ojú kò ní lè kà á mọ́.

Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó?

Gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ 4K. Ẹ wo ohun tó ń jẹ nínú káàdì tó ń ya àwòrán, bí a kò bá fún un pọ̀:

| Ìwọ̀n | Pixel | Àwòrán kan | Àwòrán mẹ́rin |
|---|---|---|---|
| 1K | 1,024 × 1,024 | 4 MB | 16 MB |
| 2K | 2,048 × 2,048 | 16 MB | 64 MB |
| 4K | 4,096 × 4,096 | 64 MB | 256 MB |
| 8K | 8,192 × 8,192 | 256 MB | 1,024 MB |

Ìlọ́po méjì ní ìbú, ìlọ́po mẹ́rin nínú àpò. Oríṣi ilẹ̀ márùn-ún ní 4K ti kọjá 1.2 GB, ẹ ò sì tíì gbé ilé kan, igi kan tàbí èèyàn kan wọlé. Márùn-ún yìí ní 2K jẹ́ 320 MB péré.

Ẹ fi ojú kámẹ́rà yan ìwọ̀n. Bí àwòrán yín yóò bá fẹ̀ tó pixel 1,920, tí ilẹ̀ tó sún mọ́ kámẹ́rà jù sì fẹ̀ tó mítà 6 nínú rẹ̀, pixel 320 ni mítà kan nílò. Awọ mítà kan àbọ̀ ní 1K ti ń fún yín ní pixel 680 àti lé. 1K ti tó! Bí kámẹ́rà bá wà ní gíga ojú èèyàn tó ń wolẹ̀, 2K. Ìgbà tó bá jẹ́ pé èèrà lẹ ń bá rìn, ẹ lọ mú 4K. Ìwọ̀n 8K tí mo gbà wálẹ̀ lọ́dún tó kọjá ṣì wà níbi tó wà, n kò tíì rí iṣẹ́ tó yẹ ẹ́.

Ìlú mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta

Fún Kétu, foonu ni mo yàn. Ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre ló tẹ́ gbogbo òkè ilẹ̀ Kétu, Pobẹ̀ àti Sakété; láti inú ọ̀rọ̀ Potogí tó túmọ̀ sí amọ̀ ni barre yẹn ti wá, kò kan irin tàbí ọ̀pá. Fọ́tò mẹ́ta ni mo yà: ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́, tó ti le tó sì ń dán díẹ̀, etí ọ̀nà, tó rọ̀, tó ní ewé, àti inú ọ̀gbàrá, níbi tí omi ti fọ erùpẹ̀ lọ tí yangí yọrí. Ọwọ́ ni mo fi kùn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, n kò jẹ́ kí noise dá a ṣe, torí ẹsẹ̀ èèyàn kì í rìn bí noise. Ó máa ń gé ọ̀nà àbùjá láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì.

Ilẹ̀ nìkan kò sì tó ní Kétu. Òjò máa ń ta erùpẹ̀ pupa sára ògiri, ìsàlẹ̀ ilé gbogbo a máa pọ́n títí dé orúnkún. Bí ẹ bá gbé ògiri funfun mímọ́ sórí ilẹ̀ pupa, ilé á dà bí ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbé wá sílẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Àwọ̀ awọ ilẹ̀ yín kan náà ni kí ẹ mú, kí ẹ fi kùn ẹsẹ̀ ògiri, kó máa rẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ní èkejì tí mo gbé padà fún bàbá, ẹsẹ̀ ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́.

Fún Àjàṣẹ́, tí àwọn kan ń pè ní Porto-Novo, ó sinmi lórí ibi tí ẹ dúró sí. Iyanrìn etí ọ̀sà, ẹ mú u lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ìyàtọ̀ tí ojú máa rí. Pavé ojú títì ni wàhálà. Olókùúta ìlú òyìnbó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe bíríkì oníkọnkéré tó gbára lé ara wọn tí wọ́n tẹ́ sójú títì wa, ẹni tó bá ti gun zém, ọ̀kadà wa, kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí ńlá aláṣà Àgùdà yẹn á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ya tiyín, kí ẹ sì ka bíríkì: ibi tí ọnà bá ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti gé. Bí ẹ bá gé ìdajì bíríkì kan sílẹ̀, kò sí Offset tó lè tún un ṣe. Ẹ ò sì lè fi noise po pavé méjì pọ̀ bí erùpẹ̀, yóò yọ́ mọ́ra bí ọṣẹ. Ìdọ̀tí lẹ fi ń fọ́ àwòtúnwò rẹ̀: iyanrìn tó gbá jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, epo tó kán sílẹ̀ níbi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró, koríko nínú àlàfo bíríkì. Noise wúlò níbẹ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́ ló yàtọ̀ pátápátá, torí òkè àpáta ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ tó sì dìde dúró kì í gba ẹní. Bí ẹ bá tẹ́ awọ láti òkè wá, ibi tó dagun á fà bí rọ́bà. Nínú Blender, ẹ yan Box dípò Flat fún àwòrán náà, kí ẹ fún Blend ní díẹ̀, á wá máa tẹ́ ẹ láti ìhà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àpáta ọlọ́fẹ̀ẹ́ dára níhìn-ín, òkúta granite Ṣábẹ̀ẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí granite ibòmíràn. Ohun tó yàtọ̀ ni ìlà dúdú tí omi òjò fi sílẹ̀ bó ṣe ń ṣàn wálẹ̀ lára òkè, ìyẹn kò sì sí nínú awọ kankan tí wọ́n ń tẹ́ léraléra. Ẹ kùn ún lọ́tọ̀, lẹ́ẹ̀kan, láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gbìyànjú láti fi í sínú awọ tí mò ń tẹ́, mo sì ń yí awọ náà síbí sọ́hùn-ún kó má bàa jọra. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí render ti parí, ìdajì omi Ṣábẹ̀ẹ́ ń gòkè lọ.